Bí Mo Ṣe Mú Tíṣà Lọ Wo Òkè Ayọnáyèéfín

Kí a tó gbéra

Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọkọ mi fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì ní Ìsẹ́yìn. Kò sí ọdún kan nínú wọn tí kò ya òkè ayọnáyèéfín sójú pátákó. Ṣọ́ọ̀kì pupa ló fi ń ya iná inú rẹ̀, funfun ló fi ń ya èéfín tó ń jáde lórí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ní kíláàsì rẹ̀ nígbà náà, ẹ ó rántí. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé òun fúnra rẹ̀ kò fojú kan irú òkè bẹ́ẹ̀ rí. Inú ìwé ló ti bá a pàdé, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ènìyàn ṣe máa ń fẹ́ràn ọ̀rẹ́ tí wọ́n kàn jọ ń kọ lẹ́tà síra wọn.

Tíṣà ni gbogbo ìlú ń pè é, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ má bínú pé "ó" ni mo ń lò fún un nínú ìwé yìí. Tí mo bá wà níwájú rẹ̀, "ẹ" ni.

Ọdún kẹrìndínlógún rèé tí a ti wà ní Scarborough, lápá ìlà-oòrùn Tòróńtò. Èmi ń tọ́jú àwọn arúgbó. Òun ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan ní Milton títí ara rẹ̀ fi ní ó tó. Nígbà òtútù tó kọjá, dókítà kan jókòó tì wá, ó sì rọra sọ fún wa pé ìrántí Tíṣà ti ń lọ díẹ̀díẹ̀, pé èyí tó bá lọ kò ní padà. Tíṣà mi orí bí ẹni tí wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún. Ìgbà tí a wọ bọ́ọ̀sì padà sílé ló tó yíjú sí mi.

"Àjọkẹ́, ṣé a ti lọ wo òkè ayọnáyèéfín rí?"

"Rárá o, Tíṣà."

"Ó yẹ ká lọ," ó ní, "kí n tó gbàgbé ohun tí mo fẹ́ lọ wò."

Kẹ́mi, ọmọ wa kan ṣoṣo, kò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ó bá mi ní kíṣìnnì. Mo ń sọ Yorùbá sí i, ó ń dá mi lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì, bí a ṣe máa ń ṣe é láti kékeré rẹ̀. Ó ní tí bàbá òun bá ṣìnà ní ìlú tí a kò gbọ́ èdè wọn ńkọ́? Mo ní erékùṣù tí òkè náà wà kéré, pé ènìyàn lè fi ọjọ́ kan rìn ín já. Ó ní bí nǹkan tilẹ̀ kéré, ó ṣì lè léwu, ó sì bú sẹ́kún. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ẹ̀rù ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn arúgbó gbé pẹ́, mo sì ti gbọ́ "a ó lọ lọ́dún tó ń bọ̀" lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìdílé tí ọdún náà kò dé bá mọ́.

Èbúté

N kò ní fi ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfuurufú da yín láàmú. Ẹ ṣáà fojú inú wò ó pé a wọ ọkọ̀ títí a kò fi mọ ọjọ́ mọ́, pé èyí tó gbé wa kẹ́yìn jẹ́ ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, àti pé nígbà tí Nísírọ́sì, erékùṣù tí a ń lọ, yọ láàárín òkun, mo rò pé mo ti sùn lọ ni. Òkun ilẹ̀ Gíríìkì kò jọ òkun tí mo mọ̀ ní Èkó, tó máa ń bú bí ẹni tí inú ń bí. Eléyìí kò sọ̀rọ̀. Ó dúdú mọ́ búlúù, ó sì ń dán, bí omi inú ìkòkò aró kí wọ́n tó ti aṣọ bọ̀ ọ́. Àwọn ilé funfun kéékèèké jókòó lẹ́sẹ̀ òkè, ilẹ̀kùn wọn búlúù, kò sì sí ẹni tó ń sáré lọ síbì kankan.

Nínú ilé wa ní Scarborough, ìdákẹ́jẹ́ kò sí. Fíríjì ń kùn, ẹ̀rọ amúlémóoru ń kùn, bọ́ọ̀sì ń mí fìn-ìn níwájú ilé. Níbí, nígbà tí ọkọ̀ pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, mo gbọ́ ológbò kan tó ń lá omi ní òdìkejì èbúté.

Tíṣà sọ̀ kalẹ̀. Ó fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilẹ̀, ó tún fi èkejì tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń dán ibùsùn tuntun wò.

"Inú ilẹ̀ yìí kò sùn o, Àjọkẹ́," ó ní. Ojú rẹ̀ ti padà di ti ọ̀dọ́, bí ojú ọkọ ìyàwó tí mo fẹ́.

Ìyá tó ni ilé tí a dé sí ń dúró dè wá ní etíkun. Fotiní lorúkọ wọn. Wọ́n á tó ẹni ọgọ́rin ọdún, aṣọ dúdú ni wọ́n wọ̀ látòkè délẹ̀. Bí mo ṣe rí ewú orí wọn, n kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Ìyá figbe ta! Wọ́n ki ọwọ́ bọ abíyá mi, wọ́n fà mí dìde, wọ́n ń gbọn iyanrìn kúrò lórúnkún mi, wọ́n sì ń pe ẹnìkan nínú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn wọn. Ọkùnrin kan tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi sáré jáde, ó ń bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá egungun kankan ti yẹ̀.

"Mo ń kí wọn ni," mo ní.

Ó túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Ìyá Fotiní wò mí títí. Wọ́n wá fẹnu kò mí lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, wọ́n fẹnu kò mí ní ti òsì, wọn kò sì jẹ́ kí n gbé báàgì kankan mọ́.

Manólis ni orúkọ ọkùnrin náà, òun ló ń fi ọkọ̀ gbé àlejò káàkiri. Nígbà tó gbọ́ pé Tòróńtò la ti wá, ó pariwo. Ó ti fọ abọ́ rí nílé oúnjẹ kan lójú ọ̀nà Danforth, ládùúgbò àwọn ará Gíríìkì níbẹ̀, nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ọdún mẹ́ta ló lò. Mo bi í pé kí ló dé tó fi kúrò.

"Òtútù," ó ní. Nígbà tó wakọ̀ lọ díẹ̀, ó tún ní, "Kò sí ẹni tó ń wo ojú ènìyàn níbẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń ṣe

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn yé mi kí ọjọ́ kejì tó parí. Nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́lẹ̀ tiwa ní Tòróńtò, ènìyàn lè sunkún láti ibùdókọ̀ kan dé òmíràn, foonu ni gbogbo ènìyàn yóò máa wò. Ní Nísírọ́sì, wọ́n ń wo wá. Àwọn ìyá àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà á dá ọ̀rọ̀ wọn dúró, wọ́n á wo ojú wa, wọ́n á wo gèlè mi, wọ́n á wo bàtà Tíṣà, títí ó fi tó wọn. Wọ́n á wá ní "Kaliméra", èyí ni ẹ káàárọ̀, wọ́n á sì padà sínú ọ̀rọ̀ wọn. Èmi ni mo dúdú jù ní gbogbo òpópónà yẹn, yàtọ̀ sí Tíṣà, síbẹ̀ ara tù mí. Ó pẹ́ tí ẹnìkan ti wò mí tán bẹ́ẹ̀.

Ọ̀kan nínú ìwà wọn fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ṣá. Mo bi Ìyá Fotiní, pẹ̀lú ọwọ́ àti ojú, bóyá aṣọ ìnura mìíràn wà. Wọ́n gbé irun ojú sókè, wọ́n gbórí sẹ́yìn, wọ́n sì pòṣé sí mi. Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Èmi tí mo kúnlẹ̀ kí wọn lánàá! Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó, mo ń bínú. Ìgbà tí Manólis dé ló ṣàlàyé pé bí àwọn ṣe ń sọ "rárá" nìyẹn, pé kò sí ìwọ̀sí kankan níbẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ kẹrin, èmi gan-an ti ń ṣe é. Tíṣà bi mí bóyá omi ṣì kù, mo gbórí sẹ́yìn, mo ṣe "tsk".

"Àjọkẹ́," ó ní, ó ń wò mí tìyanu-tìyanu, "kí ni mo ṣe tí o ń pòṣé sí mi?"

Ti oúnjẹ wọn ńkọ́? Wọ́n ní ẹ̀wà kan tó rí rìbìtì, tó pọ́n díẹ̀. Wọ́n ń rẹ ẹ́, wọ́n ń gún un, wọ́n ń po àlùbọ́sà àti ewé olóòórùn dídùn mọ́ ọn, wọ́n á wá máa fi ṣíbí dà á sínú epo gbígbóná. Ẹ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Òórùn yẹn bá mi lórí ibùsùn, mo sì dìde láìwọ bàtà. Ìyá Fotiní gbé mẹ́ta fún mi nínú abọ́. Mo bù ú jẹ, mo pa ojú mi dé. Ó le ju àkàrà lọ díẹ̀, iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, kò ní ata rárá, àmọ́ ìdílé kan náà ni wọ́n. Mo tọ́ka sí àyà mi, mo ní, "Àkàrà." Wọ́n tọ́ka sí abọ́, wọ́n ní, "Pitiá." A jọ rẹ́rìn-ín bí ẹni tó rí ẹbí.

Aṣọ dúdú wọn, Manólis sọ fún mi pé ti ọ̀fọ̀ ni. Ọkọ wọn kú sínú òkun. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún, wọn kò bọ́ ọ. N kò mọ ìdí tí mo fi ń wo aṣọ náà lórí okùn ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sá a.

Ọ̀sán

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo erékùṣù náà ló ń sùn. Wọ́n á ti fèrèsé, ajá á dùbúlẹ̀ sí ibòji, àní ó dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ pàápàá jókòó. Àwa náà ń sùn. Lọ́jọ́ kẹta, mo sùn wọra bí n kò ṣe sùn láti ọdún pípẹ́, oorun tí kò ní agogo nínú. Nígbà tí mo lajú, oòrùn ti kúrò lára ògiri, ẹ̀gbẹ́ mi sì ṣófo. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí.

Mo pe Tíṣà. Mo jáde. Àwọn òpópónà ibẹ̀ tín-ín-rín, funfun ni wọ́n fi kun gbogbo wọn, ọ̀kan jọ èkejì bí ìbejì. Mo gba ibí, mo jáde síbi tí mo ti wá. Mo gba ibòmíràn, mo bá àtẹ̀gùn pàdé. Kò sí ẹni tí mo lè bi. Mo ń sáré, ìró mi ń tú, mo ń pariwo "Tíṣà!" láàárín ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń sùn, ohùn Kẹ́mi sì ń bá mi sáré. Nígbà tí mo dé etí omi, níbi tí òkúta dúdú rìbìtì-rìbìtì kún, mo rí i pé kò sí ohun tó dí ènìyàn lọ́wọ́ láti máa rìn lọ sínú òkun yẹn.  Mo jókòó sílẹ̀, mo sì sunkún kíkankíkan.

Manólis ló gbọ́ mi. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ibẹ̀. Ó jáde ní síńgílẹ́ẹ̀tì, irun rẹ̀ dúró. Kò bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Ó gbé foonu, ó sọ ọ̀rọ̀ méjì, ó tẹ́tí, ó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá," ó ní. "Wọ́n ti gbà á síṣẹ́."

A gun òkè kékeré kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Lábẹ́ igi ńlá kan, àwọn bàbá arúgbó méjì jókòó sí ìjókòó tí wọ́n fi koríko hun, Tíṣà sì wà láàárín wọn. Òkìtì èso álímọ́ńdì wà níwájú wọn. Tíṣà ń gbé èso lé orí òkúta kan, ó ń fi òkúta mìíràn lù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kóró á jáde láìfọ́, bí àwọn ọmọ iléèwé wa ṣe máa ń fọ́ kóró furúùtù nígbà ìsinmi. Ẹnìkan ti bọ́ fìlà tirẹ̀ dé e lórí nítorí oòrùn. Gíláàsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ohun mímu funfun kan ló wà nínú rẹ̀, tó dùn bí omi suga, tí wọ́n ń fi álímọ́ńdì kan náà ṣe.

Àwọn bàbá náà kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò bi í léèrè orúkọ. Manólis bá wọn sọ̀rọ̀, ó wá yíjú sí mi.

"Wọ́n ní ìgbà tó kọjá lẹ́ẹ̀kẹta ni àwọn pè é. Wọ́n ní ó mọ èso fọ́. Wọ́n ní ṣé yóò wá lọ́la?"

Tíṣà gbójú sókè. "Ìwọ rèé," ó ní. "Níbo lo lọ? Mo ti ń wá ọ."

 Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ń kó èèpo.

Nínú kòtò

Ọjọ́ kẹrin ni Manólis gbé wa lọ síbi tí a tìtorí ẹ̀ wá. Ọkọ̀ gun òkè títí òkun fi di aṣọ pẹlẹbẹ nísàlẹ̀, ó wá kọjá etí òkè náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀. Inú òkè náà ṣófo bí ìkòkò. Ewúrẹ́ ń jẹ̀ nínú rẹ̀, igi wà níbẹ̀, àmọ́ ní òpin rẹ̀ ni kòtò kan wà, fífẹ̀ bí pápá bọ́ọ̀lù méjì-mẹ́ta, ilẹ̀ rẹ̀ funfun, ó sì ní àwọ̀ ìyeyè lára. Èéfín ń yọ níbi púpọ̀, díẹ̀díẹ̀, láìkánjú. Òórùn ẹyin tó bàjẹ́ ni. Imí-ọjọ́ ni. Èmi tí mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ imí-ọjọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì láti kékeré, mo wo ilẹ̀, mo wo ọ̀run, mo sì tọrọ àforíjì lọ́kàn kí n tó gbẹ́sẹ̀.

A rọra sọ̀ kalẹ̀, mo di apá rẹ̀ mú. Ilẹ̀ náà ń dún ròbòrobo lábẹ́ bàtà, ooru sì ń wọ ẹsẹ̀ wá. Ní àárín gbùngbùn, mo fi í sílẹ̀, mo sún sẹ́yìn kí ó lè dá wò ó.  Mo ń dúró de ojú rẹ̀.

Tíṣà wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fa imú.

"Ta ló ń dáná sun nǹkan níbí?" ó ní. "Ká máa lọ sílé, Àjọkẹ́. Òórùn yìí kò dára."

 A ti pẹ́ jù. Oṣù díẹ̀ péré, a sì ti pẹ́ jù.

N kò mọ ohun tó gbé mi. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sunday ló fi ń ka ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ sókè kí ó lè dán mọ́rán, èmi á máa ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò mọ̀ pé mo ń gbọ́ ọ. Mo lanu, ó sì ń jáde.

"Ẹ dúró, Tíṣà. Kì í ṣe pé ẹnìkan ń sun nǹkan. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ooru pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òkúta fi ń yọ́. Òkúta yíyọ́ yìí fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká lọ, ó wá ń wá ọ̀nà gòkè. Láfà tó wà nínú ilẹ̀ yìí..."

"Mágímà."

Mo yíjú sí Tíṣà.

"Tó bá ṣì wà nínú ilẹ̀, mágímà ni," ó ní. Ó ti dúró ṣánṣán. "Ìgbà tó bá jáde síta ló ń di láfà. Ìgbà mélòó ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún yín? Máa bá a lọ, ìwọ."

"Mágímà yìí," mo ní, "á máa ti ilẹ̀ sókè..."

"Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ńkọ́? O fo afẹ́fẹ́." Ó sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Ó sọ bí òkè yẹn ṣe bú gbàù, bí orí rẹ̀ ṣe já wọ inú ara rẹ̀, bí ó ṣe di ìkòkò tí a dúró sí. Ó ń tọ́ka síhìn-ín àti sọ́hùn-ún. Àwọn àlejò kan tó ń kọjá dúró, wọn kò gbọ́ Yorùbá, síbẹ̀ wọ́n dúró. Nígbà tó parí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó na àtẹ́lẹwọ́ sórí ihò kan tí èéfín ń jáde, ó sì fi í síbẹ̀ bí ẹni tó ń wo ibà ọmọ.

"Ó gbóná," ó ní. Omi dúró lójú rẹ̀. "Àjọkẹ́, òótọ́ ni mo ń kọ́ wọn."

Ọjọ́ tó kù

Láàárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, bí Ìyá Fotiní ṣe ń gbé kọfí kalẹ̀, Tíṣà nu ẹnu, ó sì tún kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣe.

"Ìgbà wo la máa lọ wo òkè náà?"

Mo fẹ́ sọ pé àná ni. Ó ti dé ẹnu mi. Mo wo bó ṣe múra, ó ti fi omi tẹ irun rẹ̀, mo sì gbé e mì.

"Tí ẹ bá ti mu kọfí yín tán," mo ní.

A lọ. A tún lọ lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ rí bíi ti àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, láti etí òkè ló ti mọ̀ ọ́n, ó sì pariwo bí ẹni rí ìbátan ní ibùdókọ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, inú bí i, ó ní wọ́n ń tan òun, a kò sì lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó fà mí lọ́wọ́. A jókòó lórí òkúta, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú tèmi, a ń wo èéfín tó ń gòkè lọ bá àwọn ìkùukùu.

Mo bẹ Manólis pé kó má bínú sí wàhálà wa. Ó gbórí sẹ́yìn, ó ṣe "tsk".

"Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ síbẹ̀," ó ní, "n kò rí i mọ́. Ọkọ yín ló ń jẹ́ kí n tún máa rí i."

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ kúrò, Ìyá Fotiní di pitiá gbígbóná sínú bébà fún wa. Nígbà tí wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n pẹ́ lára mi. Wọ́n fi ìka kan Tíṣà, wọ́n fi kan àyà mi, wọ́n sì sọ ọ̀rọ̀ kan. Manólis kò sí nítòsí láti túmọ̀ rẹ̀, n kò sì wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀.

Kẹ́mi wá pàdé wa ní pápákọ̀ òfuurufú Tòróńtò. Ó sáré wá, ó yẹ bàbá rẹ̀ wò láti orí dé ẹsẹ̀, ó gbá a mọ́ra, ó sì gba báàgì ọwọ́ rẹ̀.

"Daddy, báwo ni òkè náà? Ṣé ẹ rí i?"

Tíṣà wò ó. Mo rí i tó ń wá òkè náà kiri nínú ara rẹ̀, mo sì múra láti dáhùn fún un. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba báàgì rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

"A kò tíì lọ," ó ní. "Ọ̀la la máa lọ. Ìyá rẹ ti ṣètò gbogbo rẹ̀."

Kẹ́mi yíjú sí mi, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Tíṣà ti ṣíwájú wa, ó ń rìn kíá lọ sí ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọkọ̀ fi òun sílẹ̀.